GBÈSÈ NI WỌ́N JẸ WÁ, A KÒ TỌRỌ ÀÁNÚ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí a ti ṣe parí tí wọn kò san ni. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ kí wọ́n tó sọ pé òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ níbòji. Wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí; wọn kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ jókòó sóòrùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀ka wa yọ nínú owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gé lára owó-oṣù wa, kí a fi gba agbẹjọ́rò tí yóò máa bá ọmọ ẹgbẹ́ gba owó-oṣù àti owó ófátáìmù tí ọ̀gá bá jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní yóò bí ọ̀gá nínú. Wọ́n ní owó kò sí. Wọ́n ní ẹjọ́ kì í tán. N óò dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÒWE KÓÒTÙ ÀTI Ọ̀RẸ́

Kò sí ìpàdé tí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnìkan kì í dìde pa òwe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n pa á fún? Wọ́n pa á fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn, àti fún alájọgbélé tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan. Àwọn wọ̀nyí yóò tún pàdé níbi ìsìnkú àti níbi ìkómọjáde, kò sì dára kí ìwé ìpẹ̀jọ́ dúró láàrin wọn. Ọ̀gá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa. Àdéhùn ni ó so wá pọ̀: àwa yóò ṣiṣẹ́, òun yóò sanwó. Bí oníbàárà bá kó ọjà ọ̀gá lọ tí kò san, ṣé òwe ni ọ̀gá máa ń pa fún un? Lọ́yà rẹ̀ ni í kọ̀wé sí i kí oṣù tó parí. Ohun tí ó tọ́ sí ọ̀gá, ṣé kò tọ́ sí àwa náà ni?

Àwọn tí kò fẹ́ kóòtù, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa ń dá lábàá. Ẹ jẹ́ kí a mú pásítọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú àlùfáà lọ. Ẹ jẹ́ kí a bá báálẹ̀ sọ̀rọ̀ kó bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá yóò rẹ́rìn-ín, yóò fún àwọn àgbà ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, yóò ní kí a ṣe sùúrù, ọjà kò tà. Ìgbà tí a ó bá fi padà délé, a ti sọ gbèsè di ọrẹ àánú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí a jẹ lówó kì í kúnlẹ̀ bẹ ajigbèsè. Mo mọ iyì àgbà, n kò sì ní kí a má bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀bẹ̀ tí kò ní òfin lẹ́yìn, ọ̀gá mọ̀ pé kò ní eyín.

ÌṢIRÒ TÍ Ọ̀GÁ KÒ FẸ́ KÍ A ṢE

Àwọn kan rò pé owó kékeré ni a ń pariwo lé lórí. Ẹ mú bírò, kí a ṣírò ó. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni òfin ti sọ owó-oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba iye yẹn, tí àdéhùn rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 8 lóòjọ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù. Ká ní wọ́n wá ń dá a dúró di wákàtí 12 lójoojúmọ́, bí ó ti máa ń rí ní ilé-iṣẹ́ tó bá pín ọjọ́ sí ṣíìfù méjì péré. Wákàtí 4 ni ó lé lórí 8: ìdajì iṣẹ́ òòjọ́ ni. Bí a kò bá tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé owó wákàtí náà, ìdajì owó-oṣù ni ọ̀gá jẹ ẹ́: ₦35,000 lóṣù, ₦420,000 lọ́dún. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 200 nínú ọgbà kan, ₦84,000,000 ni ó wọ àpò ọ̀gá lọ́dún kan ṣoṣo. Owó ilé-ìwé ọmọ wa ni. Owó oògùn ìyá wa ni. Òun ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè wá wá wò lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, tí àwa náà sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò sì pamọ́. Wọ́n á gba ènìyàn bí káṣúà, wọ́n á lò ó títí oṣù mẹ́ta yóò fi ku ọ̀la kó pé, wọ́n á ní kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì tún gbà á padà bí ẹni tuntun. Wọ́n á ní agbaṣẹ́ṣe ni ó gbà á, àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, ìyẹn á ní ilé-iṣẹ́ kò tíì sanwó fún òun. Ìwé tí a fi ń buwọ́ lu wákàtí, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò wà, wọn kò ní fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dà. Wọ́n á gé owó nítorí igo tó fọ́, nítorí yúnífọ́ọ̀mù, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkọ̀ fi pẹ́ lọ́nà. Ní ìparí ọdún, wọ́n á gbé páálí ọjà àti àpò ìrẹsì jáde, a ó sì máa dúpẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi àìmọ̀ rẹ́ wa jẹ. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọdún 1974, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, sọ nǹkan wọ̀nyí:

Èkínní, owó ni a gbọ́dọ̀ fi san owó iṣẹ́, kì í ṣe ọjà.

Èkejì, owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ kó tó di sísan, bí àdéhùn tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún gbọọrọ.

Ẹ̀kẹta, kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀, àti bí àdéhùn náà yóò ṣe parí. Ẹ wá mọ ìdí tí káṣúà kì í fi í rí ẹ̀yìn oṣù kẹta.

Ẹ̀kẹrin, wákàtí tó bá lé lórí èyí tí a jọ fi àdéhùn sí, ófátáìmù ni.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ó sì gbọ́dọ̀ fi odidi ọjọ́ kan sinmi nínú ọjọ́ méje.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀gá kò gbọdọ̀ gé owó nítorí ohun tó bàjẹ́, àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Ọ́fíìsì lébọ̀ ti ìjọba sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú. Ta ni nínú yín ló ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí?

Èkeje, bí wọ́n bá ń dá ènìyàn dúró, kí àkókò ìkìlọ̀ rẹ̀ tó tán ni kí wọ́n ti san gbogbo owó rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni ìkìlọ̀ tirẹ̀.

Kóòtù ńkọ́? Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011, gbé gbogbo ẹjọ́ owó-oṣù, owó àjẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì lé National Industrial Court lọ́wọ́. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, kóòtù náà ń jókòó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́. Àtúnṣe yẹn kan náà fún un ní agbára láti túmọ̀ àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ṣe, kí ó sì lò ó. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn adájọ́ a máa sọ pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lọ, pé kò ṣeé fi pe ènìyàn lẹ́jọ́. Láti ọdún 1960 sì ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ìdáàbòbò owó iṣẹ́. Òfin wà. Ẹni tí yóò gbé e dìde ni kò sí.

IBI TÍ ÒFIN TI Ń JÒ

Síbẹ̀, òrùlé yìí ń jò, ó sì yẹ kí a mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Òfin sọ pé ófátáìmù wà, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí wákàtí rẹ̀ jẹ́. Inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti inú àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá ọ̀gá ṣe nìkan ni a ti lè rí iye náà. Ibi tí àdéhùn kò bá ti sọ ọ́, inú òkùnkùn ni òṣìṣẹ́ wà. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ wa bá jókòó pẹ̀lú máníjà, tí wọ́n fo ọ̀rọ̀ ófátáìmù dá nítorí pé ọ̀gá ṣèlérí ẹ̀bùn ọdún, wákàtí wa ni wọ́n tà. Kóòtù sì ń béèrè ẹ̀rí. Bí o bá ní, "Mo máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́," adájọ́ yóò béèrè pé: Ọjọ́ wo? Wákàtí mélòó? Ta ni ó ní kí o dúró? Èló ni ẹ fi àdéhùn sí? Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ yóò padà lọ́wọ́ òfo.

Ihò kejì rèé. Ọdún 1976 ni ìjọba dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa bá aláìní rojọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n tún ṣe fún un ní ọdún 2011 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó-oṣù tó kéré jù lọ ni kí wọ́n ràn lọ́wọ́, àfi bí ìgbìmọ̀ wọn bá fojú àánú wo ẹnìkan lọ́tọ̀. Ẹni tí ń gba ₦75,000, tí ó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, olówó ni lójú òfin yẹn! Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì Public Defender, ó sì ní Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ láìgba owó. Ẹ lọ lò wọ́n, wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n alárinà kò lè fi tipátipá mú ọ̀gá tó bá kọ̀ láti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ihò kẹta ni ti ọ̀nà jíjìn. Nígbà kan rí, òṣìṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ owó rẹ̀ lọ sí kóòtù májísíréètì tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹjọ́ owó-oṣù ti di ti kóòtù kan ṣoṣo, ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Owó ọkọ̀, owó ìwé, owó lọ́yà. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó oṣù méjì lè ná iye yẹn tán kó tó fojú kan adájọ́. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń sọ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ lọ síbi tí ẹ bá fẹ́ lọ."

Ẹ wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Kò sí ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ kan lè dá dí. Kò sì sí ọ̀kan tí ẹgbẹ́ kò lè dí.

ÌDÁṢẸ́SÍLẸ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Àwọn ọ̀dọ́ láàrin wa ní, kí ni a fẹ́ fi lọ́yà ṣe, ẹ jẹ́ kí a ti géètì pa. Mo fẹ́ràn ìgboyà wọn, ó sì ní ìtàn lẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D. ní Èkó dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Gómìnà McCallum yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ní ọdún 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú nínú ìdáṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò tí ó ju oṣù kan lọ. Ní ọdún 1949, àwọn awakùsà èédú ní Enugu ń béèrè owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ wọ́n sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ẹ̀tọ́ mìíràn. Ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ènìyàn 21 sì kú. Ní ọdún 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ NLC, ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni ó mú ìjọba gbé owó-oṣù tó kéré jù lọ dé ₦125. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdáṣẹ́sílẹ̀ kò wúlò kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n àdá ńlá ni ìdáṣẹ́sílẹ̀. A kì í fi àdá ńlá gé èékánná. Òfin ìjà ilé-iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó àwọn ọjọ́ náà. Ṣé nítorí ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n gé lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń di ọjà sí páálí ni ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò ṣe pàdánù owó ọ̀sẹ̀ méjì? A kò ní í ṣe é, a sì mọ̀ pé a kò ní í ṣe é. Báyìí ni ẹ̀tọ́ obìnrin náà yóò ṣe rá. Ẹni tí wọ́n ti lé lọ láti ọdún tó kọjá ńkọ́, tí owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn? Ta ni yóò ti géètì nítorí rẹ̀? Ilé-iṣẹ́ tó bá sì ti kógbá wọlé, géètì wo ni a ó tì? Ọdún 2003 ni wọ́n pa Nigeria Airways rẹ́. Ní ọdún 2018, ìjọba ṣì ń san gbèsè owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kí owó tó dé. Àwọn tó wà nínú ọgbà ni ìdáṣẹ́sílẹ̀ ń gbà. Òfin ni ó lè tẹ̀lé ẹni tó ti jáde kúrò nínú ọgbà.

OWÓ ẸGBẸ́ ŃKỌ́?

Wọ́n ní owó kò sí. Owó wà nígbà tí a rán aṣọ ẹgbẹ́ fún Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Owó wà nígbà tí a pa màlúù. Owó wà nígbà tí àwọn aṣojú wa lọ sí ìpàdé ní ìlú mìíràn, tí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò ní kí a má jẹ ẹran, n kò sì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: nígbà tí wọ́n ń gé owó yìí lára wa lóṣooṣù, kí ni wọ́n sọ pé àwọn ń gé e fún? Ìdáàbòbò ni wọ́n sọ. Aṣọ kò lè rojọ́. Màlúù kò lè kọ̀wé sí máníjà.

Àwọn tó ní ẹjọ́ kì í tán náà, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ owó kì í dé iwájú adájọ́ rárá. Ìgbà tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ lọ́yà wá, tí ó to ọjọ́, wákàtí àti iye owó lẹ́sẹẹsẹ, lọ́yà ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé kó san án, nítorí ìnáwó ẹjọ́ lè ju gbèsè lọ. Èyí tó bá sì pẹ́, ẹgbẹ́ ni yóò gbé e rù. Kì í ṣe baálé ilé kan tí ebi ń pa. Ohun tó léwu ni kí a máa fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ní Èkó, ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lórí àdéhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn lè tì.

Ìbínú ọ̀gá ńkọ́? Òfin 1974 yẹn kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lé ènìyàn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tó dá kọ̀wé ni ó rọrùn láti lé. Bí ogójì ènìyàn bá fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ta ni yóò kù tí yóò dúró ti ẹ̀rọ? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

OHUN TÍ MO Ń DÁBÀÁ

Mo fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ dìbò lórí nǹkan mẹ́fà yìí:

1. Kí kọ́bọ̀ mẹ́wàá nínú náírà kọ̀ọ̀kan tó kù sí ẹ̀ka wa lọ sínú àpò ẹjọ́, ní báńkì, lọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún àríyá.

2. Kí a bá agbẹjọ́rò kan tó mọ òfin iṣẹ́ ṣe àdéhùn iye kan fún ọdún, kó máa wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ní Sátidé kan lóṣù. Kí ó má ṣe gba ìdá kankan nínú owó tí ó bá bá òṣìṣẹ́ gbà.

3. Kí ẹ̀ka tẹ ìwé kékeré fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí yóò máa kọ ọjọ́, wákàtí tó dé, wákàtí tó lọ, àti orúkọ ẹni tó ní kó dúró. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Kí gbogbo wa tọ́jú ìwé owó-oṣù, ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti iṣẹ́ tí ọ̀gá bá fi fóònù rán sí wa.

4. Kí káṣúà tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rí ìrànlọ́wọ́ kan náà gbà. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ni ọ̀gá yóò fi rọ́pò wa.

5. Kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta máa gba ẹ̀sùn: kí obìnrin wà níbẹ̀, kí ẹni ṣíìfù òru wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí máníjà. Bí kò bá dáhùn, ọ́fíìsì lébọ̀. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kóòtù.

6. Kí wọ́n máa tẹ ìròyìn sínú ìwé yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: ẹ̀sùn mélòó ló wọlé, mélòó ló parí, èló ni a gbà, èló ni a ná.

Kí àwọn olórí wa sì má gbàgbé: àdéhùn tí wọ́n bá tún lọ ṣe, bí iye wákàtí ófátáìmù kò bá sí nínú rẹ̀ ní dígí-dígí, kí wọ́n má mú un padà wá bá wa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá sí ìpàdé náà. Ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní kí a má na owó lórí lọ́yà, kó dìde níbẹ̀ kó sọ ọ̀nà mìíràn tí a ó fi gba owó wa, kí á gbọ́ ọ. Bí kò bá ní ọ̀nà mìíràn, kó jọ̀wọ́ kó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè pẹ̀lú wa.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe kò ṣeé gbà padà. Òógùn tó ti kán sílẹ̀ kò ṣeé kó. Owó rẹ̀ nìkan ni ó kù, tiwa sì ni.

Òṣìṣẹ́, ẹ parapọ̀! Ìṣọ̀kan ni agbára wa.